Ohun tó mú káńsù wa dáhùn lórí igbó etí odò

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará wa. Lórí bí ará ìlú ṣe lè mú kí káńsù dáàbò bo igbó, ìhà Ìjẹ̀bú ni ìrírí tèmi ti wáyé, ní ìlú kan tí odò gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Àwọn onígẹdú ti gé arère àti ìrókò etí odò náà tán, àwọn tó ń pín ilẹ̀ tà sì ti ń wó ọparun tó kù, débi pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi kì í mu ọmọdé dé orúnkún mọ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kọ̀wé sí káńsù, èsì tí a gbà ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ igbó. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí ìpínlẹ̀ ló ń mójú tó igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, irú bíi igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní J4, tí àjọ UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé láti ọdún 1977, tí erin ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwa kì í ṣe igbó ọba. Agbẹjọ́rò kan, ọmọ ìlú wa, ló fi Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 hàn wá, níbi tí a kọ ọ́ sí pé ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa tọ́jú ọgbà ìtura àti ilẹ̀ gbalasa, tí yóò sì kópa nínú ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí ilẹ̀ wa, yàtọ̀ sí wíwa kùsà.

Nínú lẹ́tà kejì, a kò kàn sọ pé kí wọ́n dáàbò bo àyíká, nítorí mi ò mọ kánsẹ́lọ̀ tó mọ ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yẹn. A ní kí wọ́n ṣòfin tí yóò ka igi gígé létí odò léèwọ̀, kí wọ́n sì ka igbó Agẹmọ, tí àwọn baba wa ti ń dáàbò bò kí káńsù tó dé, tí ọ̀bọ àti àgbìgbò ṣì sá sí, mọ́ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ yarí gan-an. Ìgbà tí káńsù gbà kí wọ́n máa já ewé àti ọparun gbígbẹ níbẹ̀ ni ara tó rọ̀ wọ́n.

Ní báyìí, òfin náà ń dúró de ìbuwọ́lù alága. Ẹni tí káńsù tirẹ̀ bá ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye owó ìtanràn tí wọ́n ń gbà àti ẹni tó ń gbà á.