Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: iṣẹ́ open source (sọ́fítíwià tí ẹnikẹ́ni lè bá wọn tún ṣe) wo ni kí n tún dáwọ́ lé?

Ọmọ Ìwó: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Inú ń bí mi ni mo fi ń kọ èyí. Oṣù méjì rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lórí sọ́fítíwià kan, mi ò ní dárúkọ. Àṣìṣe kékeré kan nínú àlàyé ìlò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbà á wọlé, orí mi wú. Ni mo bá ṣe èkejì, iṣẹ́ ńlá. Òru mẹ́ta ni mi ò sùn, iná ò sí, dátà lọ bí omi, ìyàwó mi ní ṣé wọ́n máa sanwó ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kò sẹ́ni tó fèsì. Wọn ò kà wá sí! Kí ni kí n ṣe tẹ̀ lé e? Ṣé kí n kọ́ èdè kóòdù Rust ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́. Kí ni iṣẹ́ ńlá ọ̀hún gan-an?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lásán? Tèmi lo oṣù mẹ́jọ. Hacktoberfest 2020, ètò oṣù kẹwàá tó ń fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ open source ní ṣẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí n má purọ́, ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ni mò ń wá. Àwa oníṣẹ́ẹ̀tì fi àtúnṣe yẹpẹrẹ da àwọn aláàbójútó láàmú débi pé oṣù yẹn náà ni wọ́n ṣòfin: iṣẹ́ tí aláàbójútó bá fọwọ́ sí nìkan ló máa kà. Ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti ya lábíyá.

Bàbá Kóòdù: Ta ló bi ọ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì? Ọmọ Ìwó, wá iṣẹ́ tí wọ́n lẹ "good first issue" (èyí tó yẹ ẹni tuntun) mọ́. Kọ sábẹ́ rẹ̀ pé o fẹ́ ṣe é kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣé o ka fáìlì CONTRIBUTING, tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́?

Ọmọ Ìwó: Mo ka ibi tó kàn mí, sà. Mi ò kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àdùnní: Gbìyànjú Outreachy, ètò ìkọ́ṣẹ́ open source tó ń sanwó. Dọ́là 7,000 ni wọ́n ń san.

Bàbá Kóòdù: Àdùnní, ìwọ àti owó! Wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ ìwé ẹ̀ wò, á tún ṣiṣẹ́ fún wọn rí kí wọ́n tó mú un.

Ìyá Ìbejì: Mo ṣì ń béèrè o. Kí lo fi ránṣẹ́?

Ọmọ Ìwó: Ìtumọ̀ ni, mà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ náà ni mo sọ di Yorùbá, gbólóhùn 1,140, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá Ìbejì: Ní òru mẹ́ta? Kí lo pe "Save"?

Ọmọ Ìwó: Gbàlà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Halelúyà!

Ìyá Ìbejì: Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì, o ní kó gba ọkàn là.

Ọmọ Ìwó: Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ kan ni mo lò, mo kàn wò ó gààràgà. Fóònù ni mo fi ṣe gbogbo ẹ̀, láptọ́ọ̀pù mi ti kú látọdún tó kọjá.

Ìyá Ìbejì: O ò wá sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀! Rust wo lo fẹ́ fi fóònù kọ́? Ta ló máa fọwọ́ sí gbólóhùn 1,140 ní èdè tí kò gbọ́? Fúnra ẹ ni kó o ti PR (iṣẹ́ tó o fi ránṣẹ́) yẹn pa, kó o sọ ìdí ẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ sí translatewiki.net, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ MediaWiki tó gbé Wikipedia ró. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló ń yọjú, wọ́n sì sábà máa ń ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Ṣe ogún péré lọ́sẹ̀ yìí, kó o fi àmì ohùn sí i.

Bàbá Kóòdù: Èmi ò fara mọ́ ọn. Kó pa dà sídìí àlàyé ìlò, ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹni tó lè túmọ̀ sí Yorùbá ló ṣọ̀wọ́n.

Ọmọ Ìwó: "Cancel" ńkọ́, mà? Mo pè é ní "Fagilé".

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn dáa. Ó ku 1,139.