Kí ló dé tí ọkọ̀ ogun Argẹntínà fi padà sílé lẹ́yìn tí ẹyọ ọkọ̀ kan rì lọ́dún 1982?

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtàn béèrè:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Mo ń kà nípa ogun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Argẹntínà jà nítorí Erékùṣù Falkland lọ́dún 1982, ohun kan sì wà níbẹ̀ tí kò yé mi. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún náà, ọkọ̀ abẹ́ omi Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Conqueror fi tọ́pídò, ohun ìjà abúgbàù tí ń sáré lábẹ́ omi, ri ọkọ̀ ogun General Belgrano ti Argẹntínà, èèyàn 323 sì bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọkọ̀ ogun ńlá Argẹntínà yí padà sí etíkun wọn, títí kan 25 de Mayo tí ń gbé bàálù, wọn kò sì jáde wá jà mọ́ títí ogun fi parí. Ṣé ẹ̀rù lásán ni, àbí ìdí mìíràn wà ńbẹ̀? Argẹntínà náà ní ọkọ̀ abẹ́ omi tirẹ̀ nínú omi yẹn; kí ló dé tí òun kò fi ri ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan?

Ará-Etíkun fèsì:

Ẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó nídìí ni. Conqueror kì í ṣe irú ọkọ̀ abẹ́ omi ayé ogun Hitler, tí ó gbọ́dọ̀ máa gòkè wá fa afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè rí ọ̀nà fi agbára kún bátìrì. Agbára núkílíà ni ó ń lò, nítorí náà ó lè wà nísàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa bá ọkọ̀ tó wà lójú omi sáré dọ́gba. Ó ti ń tẹ̀ lé Belgrano fún nǹkan bí wákàtí 30 kí ó tó yìnbọn, síbẹ̀ àwọn tó wà nínú Belgrano àti nínú ọkọ̀ méjì tí ń ṣọ́ ọ, Piedra Buena àti Hipólito Bouchard, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lẹ́yìn wọn. Ẹyẹ kì í kúkú sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní máa ka iye ọkọ̀ tó rì. Ohun tí yóò máa rò ni pé èwo nínú àwọn tó kù ni wọ́n tún ń tẹ̀ lé lọ́wọ́ báyìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní méjì mìíràn bẹ́ẹ̀ nínú omi náà, Spartan àti Splendid.

Ẹ tún wo bí tọ́pídò ṣe ń pa ọkọ̀. Bọ́ǹbù tí bàálù jù sórí ọkọ̀ lè dáná, kí wọ́n sì rí iná náà pa, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ni tọ́pídò ti ń lu ọkọ̀, níbi tí omi yóò gbà wọlé. Mẹ́ta ni Chris Wreford-Brown, ọ̀gá Conqueror, yìn láti ibi tí kò tó máìlì kan, méjì sì bá a. Ọ̀kan gé imú ọkọ̀ náà já. Èkejì wọ ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ yàrá ẹ̀rọ, ìbúgbàù yẹn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú. Iná mànàmáná lọ, àwọn ẹ̀rọ tí ń fa omi jáde kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì tó wákàtí kan tí ọkọ̀ náà fi lọ sísàlẹ̀. (Ọkọ̀ yìí kan náà, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ti Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phoenix, wà ní Pearl Harbor lọ́jọ́ tí àwọn ará Japan wá jù bọ́ǹbù síbẹ̀ lọ́dún 1941, ó sì bọ́ nínú rẹ̀.)

Ọ̀kan-Nínú-Yín fèsì:

Ohun tí ẹ̀gbọ́n kò mẹ́nu bà ni pé tọ́pídò tí Conqueror lò dàgbà ju ẹni tó yìn ín lọ. Mark 8 ni, irú èyí tí wọ́n ti ṣe láti àsìkò ọdún 1920 sí 1930, tí kò mọ ju kí ó máa sáré lọ tààrà síbi tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí. Tuntun wà nínú ọkọ̀ náà, Tigerfish, tí a lè fi wáyà darí láti inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbọ́kàn lé nígbà náà, ẹ̀tù tó wà nínú Mark 8 sì pọ̀ jù tirẹ̀ lọ. Lójú tèmi, yíyàn yẹn ni ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ní ti àríyànjiyàn tí kò tíì tán, pé bóyá ó tọ́ kí wọ́n ri Belgrano, òótọ́ ni pé ó wà lẹ́yìn agbègbè máìlì òkun 200 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pààlà sí yí erékùṣù náà ká, tí wọ́n ní àwọn yóò kọlu ọkọ̀ Argẹntínà tó bá wọ ibẹ̀, òótọ́ sì ni pé ìwọ̀-oòrùn, síhà ilé, ló kọjú sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ pé ọkọ̀ tí ó bá lè wu àwọn léwu, ibi yòówù kí ó wà, àwọn lè kọlù ú. Ìdí mìíràn ni Burdwood Bank, ibi tí òkun kò ti jìn: bí Belgrano bá gba ibẹ̀ kọjá, yóò nira fún ọkọ̀ abẹ́ omi láti máa tẹ̀ lé e láìfara hàn. Héctor Bonzo tó jẹ́ ọ̀gá Belgrano sọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìṣe ogun ni, kì í ṣe ìwà ọ̀daràn.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtàn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ti ọkọ̀ abẹ́ omi Argẹntínà ló kù. Mo sì tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹja àbùùbùtán, èmi rò pé àwàdà ni.

Ará-Etíkun fèsì:

Kì í ṣe àwàdà rárá. San Luis ni ọkọ̀ abẹ́ omi Argẹntínà náà, ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kí wọ́n tó tò wọ́n pọ̀ ní Argẹntínà, dísẹ́ẹ̀lì àti bátìrì ni ó ń lò. Irú rẹ̀ kò lè sáré, ṣùgbọ́n bí ó bá fi bátìrì nìkan rìn, ariwo rẹ̀ kò tó ohun tí etí sónà, ẹ̀rọ tí ń fi ìró wá nǹkan lábẹ́ omi, yóò tètè gbọ́. Omi ibẹ̀ sì ń ran ẹni tó sá pamọ́ lọ́wọ́, torí omi tútù àti èyí tó móoru díẹ̀ a máa tò lé ara wọn, ìró a sì máa ṣẹ́rí níbi tí wọ́n ti pàdé. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá dún padà nínú sónà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń rò pé San Luis ni. Wọ́n ju ọ̀pọ̀ tọ́pídò àti bọ́ǹbù inú omi sí àwọn ìró wọ̀nyí, àwọn àbùùbùtán sì fara gbá nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ kí a tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀, nínú ogun yìí sì ni tọ̀túntòsì ti bẹ̀rù ejò: Conqueror lé àwọn kan wọlé, San Luis kò sì jẹ́ kí àwọn kejì sùn.

Ohun tó kó bá San Luis ni ohun èlò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ń ṣírò bí wọn yóò ṣe yin tọ́pídò bà jẹ́ nígbà tí ìrìn àjò ṣì kù lọ́pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì mẹ́rin tó ní dákẹ́, ó wá di pé kí wọ́n máa fi ọwọ́ ṣírò, kí wọ́n sì máa yìn ín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kìíní oṣù karùn-ún wọ́n yin ọ̀kan, wáyà tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ já. Lọ́jọ́ kẹjọ wọ́n yin òmíràn sí ohun kan tí wọ́n gbọ́ lábẹ́ omi, èyí tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àbùùbùtán. Lóru tó tẹ̀ lé ọjọ́ kẹwàá, Arrow àti Alacrity, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, bọ́ sójú ọ̀nà wọn gan-an. Tọ́pídò kan kọ̀ láti jáde, èkejì jáde, wáyà rẹ̀ sì tún já. San Luis gúnlẹ̀ sílé lọ́jọ́ 19 oṣù karùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ 39 lójú òkun, láìri ọkọ̀ kankan. Arrow ní tirẹ̀ ń wọ́ ẹ̀rọ aláriwo kan lẹ́yìn láti fi tan tọ́pídò jẹ. Nígbà tí wọ́n fà á wọlé, wọ́n rí i pé nǹkan kan ti bà á jẹ́.