"Ìlù ẹ̀rọ" kọ́ o, ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀wọ́ ohùn ìlù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń tú Hydrogen, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ìlù, sí Yorùbá tó ní ká máa pe drumkit, ìyẹn àkójọ ohùn ìlù tí ètò náà ń lò, ní "ìlù ẹ̀rọ", ó kúrú, ó sì dùn létí, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Ìlù ẹ̀rọ tí mo mọ̀ ni TR-808, ẹ̀rọ tó ń dún bí ìlù tí ilé iṣẹ́ Roland gbé jáde lọ́dún 1980, iná ló ń dá ohùn ẹ̀ sílẹ̀, kò sí awọ, kò sí kọ̀ǹgọ́. Èyí tó wà nínú GMRockKit, ọ̀kan lára àwọn drumkit Hydrogen, ńkọ́? Dúrọ́ọ̀mù ni ohùn ẹ̀, wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ́ẹ bá tú fáìlì .h2drumkit kan, ìyẹn fáìlì tí wọ́n di drumkit sí, wò ẹ máa bá àwọn ohùn yẹn níbẹ̀, pẹ̀lú drumkit.xml tó ń sọ èyí tó yẹ kó dún tẹ́ẹ bá rọra lù àti èyí tó yẹ tẹ́ẹ bá fagbára lù. Hydrogen tún ní kit tó ń ṣe bíi 808 o! Ṣé "ìlù ẹ̀rọ ti ìlù ẹ̀rọ" la máa wá pe ìyẹn ni?

Tèmi ni "ọ̀wọ́ ohùn ìlù". Ẹnìkan ti ní ọ̀wọ́ kò bá a mu torí nínú ọ̀wọ́ bàtá, ẹni tó ń lu ìyáálù yàtọ̀ sẹ́ni tó ń lu omele, ẹnìkan ṣoṣo ló sì ń jókòó ti dúrọ́ọ̀mù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí General MIDI, ìlànà tó ń fún ohùn ìlù ní nọ́ńbà, ṣe ń tò ó: kick, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù, ní nọ́ńbà tiẹ̀, 36, snare, ìlù kékeré tó ń dún ṣáṣá, 38, hi-hat, páànù méjì tó dojú kọra, tó bá padé, 42, tó bá wá jẹ́ DrumGizmo, ètò míì tó ń lu dúrọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà, lẹ lò, máíìkì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi gba ohùn sílẹ̀ ló ń gba ọ̀nà tiẹ̀ wọ Ardour, ètò tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, ohùn snare á tiẹ̀ tún yọ́ wọ máíìkì tó wà lókè orí, bó ṣe máa ń rí ní stúdíò gan-an. Ọ̀wọ́ nìyẹn jàre.

Ìdí tí mo fi fi "ohùn" sí i ni gángan. Lílù kan ṣoṣo, ẹ fún osán mọ́ra, ohùn á gòkè, ẹ tú u sílẹ̀, á wálẹ̀. Ẹ lè gba do, re, mi ẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ẹ kó wọn sínú Hydrogen, wọ́n á dún, àmọ́ yíyọ̀ tó wà láàárín wọn ò ní sí níbẹ̀. Ohùn ìlù lẹ ní, ẹ ò tíì ní ìlù.

Layer, ìyẹn ohùn kọ̀ọ̀kan tó wà fún rírọra lù tàbí fífagbára lù, "ìpele" tó fún mi. Velocity, ìyẹn bí lílù ṣe le tó, ló kù, "agbára" ni mo ń lò, àwọn kan sì ti fi ń pe volume, ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù kó mú un wá.