Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ìjọba Kogi lè pe àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú wá rojọ́?

Ìyá Bọ́dé, Kábbà
Ọ̀kun o ẹ̀yin ará ilé. Mo wọ ọkọ̀ òfurufú láti Èkó wá sí Abuja lọ́sẹ̀ yìí torí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ òkè ìyàwó wà nínú báàgì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní káńtà, àfi bí báàgì ṣe jáde tí síìpù ti ya, omi ti wọ inú ẹ̀, àwọ̀ gèlè pupa ti yọ́ sára ìró funfun. Wọ́n ní kí n máa retí ìpè, mi ò rí ìpè kankan. Bàbá Bọ́dé ní ká kọ̀wé sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́kọ́ja kí wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ọmọ Ìjùmú
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọwọ́ Lọ́kọ́ja ò tó o. Nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú wà lára ohun tí Abuja nìkan lè ṣòfin lé lórí, nọ́ńbà 3 ló wà, àti èrò àti ẹrù tí wọ́n ń kó. Honorable yín lè pariwo dé orí rédíò, ó parí síbẹ̀. NCAA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò.

Ará Ìsánlú l'Amẹ́ríkà
Ẹ má bá Bàbá Bọ́dé wí jàre 😂 níbi tí mo wà yìí, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní iléeṣẹ́ tiwọn fún ọkọ̀ òfurufú, òfin ìpínlẹ̀ gbà wọ́n láyè láti ṣèwádìí, kí wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́, kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí kó wá búra. Àmọ́ tí ọkọ̀ bá já, NTSB, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ibí tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀, ló ni ìwádìí yẹn, lọ́yà ò sì gbọ́dọ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí ìgbìmọ̀ wọn lọ kọ́ọ̀tù fi gbowó.

Tísà Mọ̀pà
NSIB tiwa, iléeṣẹ́ ìwádìí ti Nàìjíríà, ńkọ́?

Ọmọ Ìjùmú
Jàǹbá nìyẹn sà, kí ọkọ̀ já tàbí kó yà wọgbó. Wọn kì í wá ẹni tó jẹ̀bi gan-an, ohun tó fà á ni wọ́n ń wá kó má tún ṣẹlẹ̀. Aṣọ òkè ò kàn wọ́n.
Ìyá Bọ́dé, ṣé ẹ gba fọ́ọ̀mù PIR, èyí tí wọ́n fi ń kọ ohun tó ṣe ẹrù sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó kúrò ní ẹ́pọ́ọ̀tù? Ẹrù tó bàjẹ́, ọjọ́ 7 péré lẹ ní látọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á láti fi kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra wọn, ẹnu lásán ò tó. Tó bá sì máa di ti kọ́ọ̀tù, ọdún 2 ni.

Ìyá Bọ́dé, Kábbà
Mo gbà á, òun àti tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Bọ́dé á bá mi tẹ lẹ́tà lálẹ́ yìí, ti iléeṣẹ́ náà àti ti NCAA. Ṣùgbọ́n Sátidé nìgbéyàwó o, ta ló mọ ẹni tó lè bá mi fọ ìró yìí?

Ọmọ Ìjùmú
Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀ ná, àti síìpù yẹn, kẹ́ ẹ tó fomi kàn án!