Sóólà ilé: ṣé owó tí mo bá ná sí i máa padà wọlé?

Ọmọ Pàràkìn: Ẹ̀yin èèyàn mi, Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo wà o, mo fẹ́ gbé sóólà sílé torí owó epo jẹnẹrétọ̀ ti tán mi lówó láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, àmọ́ ìnáwó ẹ̀yìn ọ̀la ló ń já mi láyà. Kí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ gan-an?

Wáyà Ifẹ̀: Bátìrì ni ọ̀gá mi. Pánẹ́ẹ̀lì tó dáa sábà máa ń ní wáràǹtì ọdún 25, agbára ẹ̀ kàn ń dín díẹ̀díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ bátìrì tubular, ìyẹn oní-ásíìdì bíi ti mọ́tò, lẹ rà, ó lè má ju ọdún 3 sí 5 lọ, ẹ ó sì máa bu omi distilled sí i, àmọ́ lithium lè lo ọdún 10, ó wọ́n lóòótọ́ o, òun náà ni màá ní kẹ́ ẹ rà. Ẹ máa tọ́jú owó ínfátà náà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí nǹkan ilé ń lò, kì í pẹ́ tó pánẹ́ẹ̀lì.

Màmá Ìbejì: Ẹ má gbàgbé eruku ọyẹ́! Ó máa ń bo pánẹ́ẹ̀lì, iná á wá dínkù. Omi lásán àti aṣọ tó rọ̀ ti tó, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Ará Lágéré: Èrè ẹ̀ dá lórí iye tẹ́ ẹ ń ná báyìí. Ẹ ṣírò epo, ọ́ìlì àti owó mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ fún ọdún kan, kẹ́ ẹ wò ó pé ọdún mélòó ló máa gbà kó tó owó sóólà. Ẹni tó ní fìrísà tó ń ta omi tútù máa tètè rí owó ẹ̀, ẹni tó ń tan búlúùbù àti fáànù nìkan á pẹ́ díẹ̀.