Báwo ló ṣe yẹ ká máa pe àwọn olùdìbò Amẹ́ríkà nínú ìròyìn Yorùbá?

Atúmọ̀ròyìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìròyìn ìbò Amẹ́ríkà ni mo ń tú sí Yorùbá fún ètò orí rédíò, gbólóhùn kan sì ń dà mí láàmú. Mo kà á sétí aráyé nípa ìbò ọdún 2020 pé: "Àwọn aláwọ̀ dúdú kó ìbò wọn fún Biden." Ìyá àgbà kan pè wá lórí fóònù, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé gbogbo wọn pátá ni? Ta ló bá wọn kó o?" Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni, mi ò sì rí èsì fún un.

Nínú àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n bi léèrè lẹ́yìn tí wọ́n dìbò lọ́dún náà, bíi 9 nínú 10 ló ní Biden ni òun yàn. Tó bá kan àwọn ọkùnrin wọn nìkan, bíi 8 nínú 10 ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé "àwọn" tiwa kì í fi ẹnì kankan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi gbé àwọn tó kù mì.

Orúkọ gan-an tún ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Tí mo bá ní "adúláwọ̀", olùgbọ́ á rò pé Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni mò ń sọ. Tí mo bá sì ní "òyìnbó", àtọmọ Ṣáínà àtọmọ Mẹ́síkò ló máa kó sínú rẹ̀. Kí lẹ̀yin ń lò?

Ará Houston:
Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwọ̀ pe àwọn Látínò, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò, Kúbà àtàwọn ilẹ̀ Latin America yòókù. Àwọ̀ kọ́ ni. Látínò tó jẹ́ adúláwọ̀ wà, èyí tó jẹ́ aláwọ̀ funfun náà wà. Ẹ sọ ibi tí ìran wọn ti wá, torí ọmọ Kúbà tó wà ní Florida àti ọmọ Mẹ́síkò tó wà ní California kì í sábà dìbò bákan náà. Ẹ wo ìjọba ìbílẹ̀ Zapata ní Texas níhìn-ín, lẹ́bàá ààlà Mẹ́síkò: Látínò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Hillary Clinton ti ẹgbẹ́ Democrat ló wọlé níbẹ̀ lọ́dún 2016, Trump ti ẹgbẹ́ Republican ló wọlé lọ́dún 2020.

Èmi tí mo wá láti ilẹ̀ Yorùbá yìí, tí mo bá dìbò, inú "adúláwọ̀" ni wọ́n ń kà mí sí, èmi àti ẹni tí bàbá rẹ̀ kò rí ìbò dì títí Òfin Ẹ̀tọ́ Ìdìbò ọdún 1965 fi dé. Ìtàn wa kò papọ̀ rárá.

Olóòtú Àgbà:
Àbúrò, "adúláwọ̀ Amẹ́ríkà" ni kó o máa wí. Má gé e kúrú. Ní ti òyìnbó, "Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun" ló yè kooro.

Lọ́dún 2020, iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ńlá kọ "Black", wọ́n sì fi lẹ́tà kékeré sílẹ̀ fún "white". Lórí rédíò, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ lẹ́tà ńlá. Ohun tó ń bí mi nínú jùyẹn lọ ni pé wọ́n á kọ "àwọn òṣìṣẹ́" tàbí "àwọn ará ìgbèríko", kó sì jẹ́ aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn. Adúláwọ̀ kì í ṣiṣẹ́ ni? Tó bá jẹ́ aláwọ̀ funfun ni ìròyìn náà kàn, dárúkọ àwọ̀ wọn bó o ṣe ń dárúkọ tàwọn yòókù. Má sì tú "minorities", ìyẹn àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ tó àwọn yòókù, sí "àwọn tí kò tó nǹkan" mọ́. Ní California, kò sí ẹ̀yà kankan tó tó ìdajì.

Atúmọ̀ròyìn:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ará Houston, mo dúpẹ́. Mo ti tún un kọ báyìí: "Nínú adúláwọ̀ Amẹ́ríkà 10 tí wọ́n bi léèrè lẹ́yìn tí wọ́n dìbò, bíi 9 ló ní Biden làwọn yàn." Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màá yọ nǹkan mìíràn kúrò kí àyè lè gbà á, màá sì pe ìyá yẹn padà kó tó lọ sórí afẹ́fẹ́.