Owó mómò tó wọnú géèmù: ẹ sọ tiyín

Ìyá Aláṣọ, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Ouando, mómò, owó orí fóònù, sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fi ń sanwó fún mi. Lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ san owó àǹkárá tí mo gbà láwìn, ni mo bá rí i pé 46,000 sẹ́fà ti di 3,500. Mo ti ń pariwo olè kí n tó ka mẹ́séèjì. Ìgbà 17 lowó jáde, 2,500 ni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta kóìnì géèmù ló lọ.

Ọmọ mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Èmi ni mo fún un ní kóòdù o! Bí mo bá ń ro ọkà lọ́wọ́, òun ni mo máa ń ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí ló rà. Ó ní, "Màmá, mi ò ra nǹkan kan. Àpótí ni mo ṣí."

Jagunjagun kan ló ń wá nínú géèmù ìjà náà. Inú àpótí ló wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ èwo. 500 kóìnì ni 2,500 sẹ́fà, àpótí kan sì jẹ́ 300. Tó bá ṣí ọ̀kan, 200 á ṣẹ́ kù, kò ní í tó ìkejì, á tún ra òmíràn. Èmi tí mò ń wọn aṣọ lójú oníbàárà, tí mo bá ní kó sanwó aṣọ tí ò tíì rí, ṣé kò ní í wọ́ mi lọ sí kọmíṣáríà?

Bàbá Ìbejì, Kétu:
Ìyá wa, ẹ má na ọmọ yẹn o. Tèmi kì í ṣe ọmọ, èmi gan-an ni. Awakọ̀ ni mí. Bí ọkọ̀ ò bá tíì kún, géèmù ni mo máa ń ta. Wọ́n á kọ ọ́ ní pupa pé ẹ̀dínwó ku wákàtí méjì, àyà mi á máa já. Owó epo ọjọ́ méjì ló bá a lọ. Wákàtí méjì pé, wọ́n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀! Ìyàwó mi ò tíì gbọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù ní àjọ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ níbẹ̀ ti sọ ní 2018 pé irú àpótí bẹ́ẹ̀, tẹ́tẹ́ ni. Nígbà tó di oṣù kìíní 2019, EA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù FIFA, ṣíwọ́ títa FIFA Points, ìyẹn kóìnì tí wọ́n fi ń ṣí irú àpótí bẹ́ẹ̀, fún wọn. Ní Ṣáínà, láti 2017 ni wọ́n ti ní kí ilé iṣẹ́ géèmù kọ ọ́ síta bó ṣe ṣòro tó kéèyàn rí ohun tó ń wá. Ní Amẹ́ríkà, Epic Games tó ni géèmù Fortnite gbà ní 2022 láti san 245 mílíọ̀nù dọ́là, torí bí wọ́n ṣe to bọ́tìnnì tọ́wọ́ fi ń ṣèèṣì ra nǹkan. Ní tèmi, kí wọ́n kọ iye sẹ́fà sára àpótí ná, kí ojú wa rí owó.

Ìyá Aláṣọ, Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé o. Mi ò nà án, mo kàn pààrọ̀ kóòdù. Lánàá ó sáré wá bá mi: géèmù fún un ní àpótí kan lọ́fẹ̀ẹ́. A jọ ṣí i. Ó tàn yẹ́ẹ́, ìlù ń dún, ọmọ ò mí mọ́. Apata ló jáde. Ó ti ní mẹ́rin irú ẹ̀.